Kílò Mẹ́rin

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ olùkọ́ ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nínú ìjọ wa ní Kàbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ọdún márùn-ún nínú rẹ̀ ni mo sì fi ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tí ó ń jẹ kílò mẹ́rin. Mo kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe jọ ń gbé nínú ayé mi, tí ọ̀kan kò di èkejì lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà bóyá onígbàgbọ́ ni mí, n kò ní ronú kí n tó dáhùn. Mo ń jí gbàdúrà ní aago márùn-ún ìdájí, n kò mutí, n kò yan àlè, mo sì ń ṣírò ìdámẹ́wàá mi dé orí náírà tí ó kẹ́yìn.

Kí ẹni tí kò mọ òwò náà lè lóye ohun tí mo ń sọ, ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, inú ọyẹ́ ni igi kajú máa ń tanná, kóró rẹ̀ a sì máa jábọ́ láti oṣù Kejì títí òjò yóò fi gbilẹ̀ ní oṣù Karùn-ún. Àgbẹ̀ yóò ṣà á nílẹ̀, yóò já kóró kúrò nídìí èso, yóò sì sá a sí oòrùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó dì í sínú àpò. Kajú tí ó gbẹ dáadáa máa ń ró bí òkúta wẹ́wẹ́ bí ènìyàn bá fọwọ́ rú u. Èyí tí kò gbẹ kì í dún, oje èèpo rẹ̀ sì lè bó ni lọ́wọ́ bí iná. Àwa tí a ń rà á a máa gun alùpùpù wọ àwọn abúlé Búnú, Owé àti Ìjùmú, a ó kó o jọ sí Kàbà, ọkọ̀ ńlá yóò sì wá gbé e lọ sí Èkó, níbi tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Vietnam àti Íńdíà láìtíì pa á. Èrè tí ó wà lórí kílò kan kò tó nǹkan fún àwa tí a wà láàárín. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń rí kílò tí a kò sanwó fún ni ọjà máa ń yẹ.

Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fi ìdè kékeré tí ó wà lẹ́yìn ìwọ̀n hàn mí. Ìwọ̀n onìkọ́ ni, irú èyí tí a ń so rọ̀ lórí ẹ̀ka igi, tí ojú rẹ̀ rí roboto bí aago ara ògiri. Bí a bá yí ìdè náà sí apá òsì díẹ̀, abẹ́rẹ́ yóò fẹ́ padà sẹ́yìn òódo, ṣùgbọ́n irin tínńrín kan wà níbẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ó kọjá. Yóò kàn fara ti irin yẹn, ẹni tí ó bá sì wò ó yóò rò pé orí òódo ni ó wà gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Kílò mẹ́rin gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìkọ́ kí abẹ́rẹ́ náà tó mira. Ọ̀gá mi ní, "Ìwọ̀n tí kò bá jẹun kò lè bọ́ olówó rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. N kò rántí pé ẹ̀rí-ọkàn mi sọ ohunkóhun lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe pé Ìhìnrere ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ọdún 1857 ni Ajayi Crowther ti dá ìjọ sílẹ̀ ní Gbebe, nítòsí ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ọdún méje kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún 1908 ni míṣọ́nnárì kan tí ń jẹ́ Tommy Titcombe wọ Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Ìyàgbà, tí iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ sì di ìjọ, ilé-ìwé àti ilé-ìwòsàn. Ìyá mi àgbà kò mọ̀wé kà, síbẹ̀ ó ń ka Sáàmù lórí bí ẹni ń ka oríkì. Àwa tí a jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn ni a wá ń kọrin ìyìn létí ọjà nígbà tí a ń fi mudu tí a ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, wọn gàrí fún aládùúgbò wa. Òwe 11:1, tí ó pe ìwọ̀n èké ní ohun ìríra lójú Olúwa, kò ṣàjèjì sí mi. Mo ti fi kọ́ àwọn ọmọdé rí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ ni ó ń bá wí.

Ibì kan wà nínú ìwé Ámósì, ní orí kẹjọ, tí wòlíì náà ti ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ó jókòó ti ọjọ́ ìsinmi ṣùgbọ́n tí wọ́n ń kánjú kí ó parí, kí wọ́n lè padà sídìí ọkà wọn, kí wọ́n sọ òṣùwọ̀n di kékeré. Bí mo bá rántí bí mo ṣe ń jókòó nínú ìsìn ní oṣù Kẹta àti Ìkẹrin, tí pásítọ̀ ń wàásù, tí èmi sì ń ka iye àpò tí ọkọ̀ yóò kó lọ́la, mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí Ámósì bá wí tí ó sún mọ́ ọn tó mi.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, mo wà lábẹ́ igi máńgòrò kan ní abúlé kan ní Búnú, tí mo ń wọn kajú, ni ìyá àgbàlagbà kan gbé ìlàjì àpò dé. Mo so ó kọ́. Abẹ́rẹ́ dúró lórí mọ́kàndínlógún. Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, mẹ́tàlélógún ni o. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì kí n tó wá. Wọ́n bá mi fi ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ọwọ́ wọ̀n ọ́n." Àwọn tí ó wà níbẹ̀ wò mí. Èmi náà kò pẹ́ dáhùn. Mo ní, "Ìyá, ìwọ̀n ọmọ jòjòló nìyẹn, kò gbọ́ èdè kajú." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àyàfi òun nìkan.

Kò bínú, kò sì bá mi jiyàn. Ó ní, "Ó dára. Ìwọ ni o wá kọ́ wa ní Bíbélì ní àsìkò Àjíǹde. Bí o bá ní mọ́kàndínlógún ni, mọ́kàndínlógún ni." Mo ka owó fún un. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣẹ́ ẹ po, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó wá kí mi bí a ti ń kí ara wa ní ilẹ̀ wa: "Ọ̀kun o, ọmọ mi." Èmi náà ní, "Ọ̀kun, Ìyá." Lẹ́yìn náà ni mo so àpò ẹlòmíràn kọ́.

Ó wu àwọn tí ń jẹ́rìí nínú ìjọ láti máa sọ pé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ọkàn wọn gbọgbẹ́. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, mo sì tún lo ìwọ̀n yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni ọwọ́ ti bà mí. Ẹ̀kọ́ Sákéù ni a ń kọ́, bí ó ṣe sọ̀kalẹ̀ láti orí igi síkámórè tí ó sì ṣèlérí pé òun yóò san án ní ìlọ́po mẹ́rin fún ẹnikẹ́ni tí òun bá ti rẹ́ jẹ. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ nawọ́ sókè. Ó ní, "Tíṣà, báwo ni Sákéù ṣe mọ iye tí ó jẹ lọ́wọ́ oníkálukú?" Mo dá a lóhùn láìronú pé agbowó-òde ni, àwọn agbowó-òde sì máa ń ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àti iye owó sí. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo rántí ìwé tèmi. Ó wà nínú báàgì mi, lábẹ́ àga tí mo jókòó lé, òun àti Bíbélì ni ó sì fara kanra níbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tan iná tọ́ọ̀ṣì mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìwé ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ti sọnù. Ti ọdún 2020 àti 2021 ni ó kù. Ìgbà 418 ni mo rí pé mo ti so àpò kọ́ sórí ìwọ̀n yẹn láàárín ọdún méjèèjì. Kílò mẹ́rin lọ́nà 418 jẹ́ kílò 1,672. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ sí owó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó alùpùpù tuntun méjì. Ìyàwó mi, tí ó ń gbàdúrà jù mí lọ, jí, ó sì bi mí pé kí ni mo ń ṣe. Nígbà tí mo sọ fún un, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Bàbá Tóbi, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ra kajú kò sí nínú ìjọ ni?" Ìbéèrè kejì yẹn ni ó le jù, nítorí pé wọ́n wà nínú ìjọ lóòótọ́.

Mo lọ bá pásítọ̀ wa. Kí n má parọ́, ohun tí ó wà lọ́kàn mi ni pé kí n jẹ́rìí níwájú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó ń bọ̀, kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Ọlọ́run ti bá mi pàdé. Ó fetí sí mi dé òpin, ó wá ní, "Má tíì jẹ́rìí." Ó ní kí n ka Mátíù orí karùn-ún, níbi tí Jésù ti ní kí ènìyàn fi ẹ̀bùn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí ó kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀ làjà. Ó ní bí mo bá jẹ́rìí kí n tó san owó, ìjọ yóò pàtẹ́wọ́ fún mi, ìpàtẹ́wọ́ yẹn yóò sì tó fún mi, n kò ní lọ síbì kankan mọ́. Ó mọ̀ mí dáadáa. Mo bi í pé kí ni kí n ṣe sí ìdámẹ́wàá tí mo ti san lórí owó yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ́kọ́ dá mẹ́sàn-án tí ó kù padà ná.

Sísan owó padà kò dùn rárá, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ń wàásù lórí Sákéù máa sọ èyí. Ìlọ́po mẹ́rin tilẹ̀ kọjá agbára mi. Iye tí mo jẹ gan-an ni mo ń wá bí n ó ṣe san. Mo ta ilẹ̀ kékeré kan tí mo ti ń gbèrò láti kọ́lé sí, ìyàwó mi fi owó àjọ rẹ̀ kún un láìsọ̀rọ̀, mo sì fi ọdún méjì san án láti abúlé dé abúlé. Ọkùnrin kan fa ọwọ́ mi wọ yàrá, ó sì rọra bi mí pé àìsàn wo ni ó ń ṣe mí, nítorí lójú tirẹ̀ ẹni tí ikú ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òmíràn ka Bíbélì jù mí lọ. Ó ní mẹ́rin ni Sákéù san, pé níbo ni mẹ́ta yòókù wà. N kò rí èsì fún un títí di òní. Ọkùnrin kan ti kú, mo sì gbé tirẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí bí wọn yóò ṣe pín in, tí mo fi wá dà bí ẹni tí ó dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé olóòkú.

Àwọn kan kò gba owó náà. Wọ́n ní kí n fi ta ìjọ lọ́rẹ, kí Ọlọ́run bù kún mi. Ó kọ́kọ́ wù mí, ṣùgbọ́n mo rí i pé bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ mi ni wọn yóò kà nígbà tí wọ́n bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùtọrẹ, owó ẹlòmíràn ni n ó sì fi ra orúkọ yẹn. Mo fi owó wọn sílẹ̀ níwájú wọn mo sì lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ fi tọrẹ, ọwọ́ tiwọn ni kí ó ti jáde.

Ìtìjú mú kí n fi ìyá arúgbó Búnú yẹn sí ìkẹyìn. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ń fọ́ ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, mo sì gbé owó náà lé orí ẹní. Ó ka á lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé mẹ́tàlélógún ni." Kò fi nǹkan kan kún un. Ó tún mú ẹ̀gúsí mìíràn, ó ń fọ́ ọ lọ. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ìdáríjì, n kò sì tíì mọ̀ títí di ìsinsìnyí bóyá òun ni mo rí gbà lọ́jọ́ náà.

Òwò mi kò dàgbà lẹ́yìn èyí, ohun tí ó sì fà á ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wọ òwò mọ̀, nítorí a kì í sọ ọ́ fún wọn nínú ìjọ. Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ ń jẹun lè fi owó kún iye tí ó ń ra kílò kan. Ká ní ogún kílò ni àgbẹ̀ gbé wá. Bí èmi bá ra kílò kan ní ₦500, ₦10,000 ni n ó san. Oníwọ̀n èké yóò ní ₦550 ni òun ń rà á, àgbẹ̀ yóò sì sáré lọ bá a. Ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlógún ni ìwọ̀n rẹ̀ yóò kà, ₦8,800 ni yóò sì san. Àgbẹ̀ yóò padà délé, yóò máa yìn ín pé ó lawọ́, yóò sì máa sọ pé onígbàgbọ́ tí ó wà ní Kàbà yẹn háwọ́. Mo gbàdúrà púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì gbọ́ ohùn kankan. Nígbà tí ó yá, mo ra àpò píọ́wọ́tà kan, ogún ọ̀rá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, tí gbogbo rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ kílò mẹ́wàá. Ní gbogbo abúlé tí mo bá dé, òun ni mo kọ́kọ́ ń so kọ́ lójú gbogbo wọn kí a tó kan kajú. Obìnrin kan bi mí pé ta ni yóò wá wọn omi náà wò, bóyá ẹni tí ó rọ ọ́ kò rẹ́ ẹ jẹ. Ó jàre. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìgò lítà kan bu omi fúnra mi sínú kẹ́ẹ̀gì, tí àwọn náà sì ń bá mi kà á sókè.

Ó ku ohun kan tí n kò retí. Nígbà tí ìròyìn tàn pé mo ti di ènìyàn Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, àwọn àgbẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó kajú tútù wá fún mi, tí àwọn mìíràn da òkúta sí ìdí àpò, pé n kò ní lè sọ̀rọ̀. Ní àkọ́kọ́ mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo rò pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé àpò tí mo bá gbà pẹ̀lú òkúta nínú rẹ̀, orí ẹni tí n ó tà á fún ni òkúta náà yóò bọ́ sí. Òṣùwọ̀n èké náà ni, ọwọ́ mìíràn ni ó kàn dì í mú. Mo wá ń tú àpò sílẹ̀ lórí tapólì, mo ń fi ọ̀bẹ la kóró bíi mélòó kan wò, mo sì ń dá èyí tí kò gbẹ padà láìbínú. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo dá tirẹ̀ padà jẹ́ alàgbà. A kò bára wa sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Àdúrà òwúrọ̀ mi ti kúrú sí i. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi bíi wákàtí kan bẹ Ọlọ́run pé kí ó bù kún ọjà mi, kí ó pa mí mọ́ lójú ọ̀nà, kí ó bá mi ṣẹ́gun àwọn ọ̀tá mi. Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀nà, nítorí ọ̀nà tiwa kò ṣeé fojú dì lákòókò yìí. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń gbàdúrà jù báyìí ni abẹ́ igi, ní ìṣẹ́jú tí àpò bá ń mì lórí ìkọ́, tí abẹ́rẹ́ kò tíì dúró. N kò lanu. Mo kàn ń rántí pé Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ìdájí wà níbẹ̀, ó ń wo abẹ́rẹ́ kan náà tí mo ń wò.

Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, mo tún wà lábẹ́ igi máńgòrò Búnú yẹn. Ìyá àgbà ti ń tẹ ọ̀pá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó bá a gbé àpò. Kí n tó kí i tán, ó ní, "Mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì o. Mọ́kànlélógún ni." Mo so kẹ́ẹ̀gì omi kọ́, a kà á, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo so kajú kọ́. Ó fa awò ojú rẹ̀ yọ nínú àpò aṣọ rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́, ó sì sún mọ́ ìwọ̀n náà tó bẹ́ẹ̀ tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Abẹ́rẹ́ dúró díẹ̀ sẹ́yìn mọ́kànlélógún, bí ìdajì kílò. Ó wò mí. Èmi náà wo abẹ́rẹ́. Ó ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀, kí n tún un wọ̀n.